Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Epo Pupa, Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀dọ̀

 

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé wò fún ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Ifẹ̀ yìí. Ìwé owó wọn mọ́, gbèsè tó wà níta kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ilé ìtajà ẹgbẹ́, díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ dábàá pé kí ilé ìtajà má ṣe ra epo pupa mọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣe epo nínú ẹgbẹ́. Ó ní òróró inú ike, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ni kí a máa tà, bó tilẹ̀ wọ́n ju epo lọ. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wọn pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ bàbá náà ti pọ̀ jù.

Ìyá àgbà kan dìde. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí ti ń ṣe epo. Owó epo ló fi rán ọmọ níwèé, òun náà ló sì fi ń san owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní, "Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ sọ fún mi lónìí, ṣé epo tí mò ń ṣe ló ń pa àwọn ènìyàn?" Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo mọ bí a ṣe ń yẹ ìwé owó wò, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìpinnu náà dúró di ìpàdé tó ń bọ̀. Mo lọ kàwé, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ohun tí mo rí ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni irú àríyànjiyàn yìí ti ń wáyé.

1. KÍ NI KỌLẸ́SÍTÍRỌ́Ọ̀LÙ?

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù jẹ́ ohun kan bí ọ̀rá tó wà nínú ara gbogbo ènìyàn àti ẹranko. Kì í ṣe májèlé. Bí kò bá sí i, a kò lè wà láàyè. Bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi àwọn ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, kọ́ ara wa. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Òun ni ara fi ń ṣe ọ̀pọ̀ họ́móònù, èyí tí a ó tún fẹnu bà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ìwé owó. Ọ̀nà méjì ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ń gbà wọlé fún wa. Èkínní ni oúnjẹ tó wá láti ara ẹranko: ẹran, ẹyin, wàrà, ẹja àti edé. Èkejì ni èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, pàápàá jù lọ ẹ̀dọ̀. Èkejì yìí ló pọ̀ jù nínú ìwé ìṣirò. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹran láti ọdún dé ọdún, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù yóò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé méjì, Konrad Bloch àti Feodor Lynen, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1964 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi yé ayé bí ara ṣe ń ṣe kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àti ọ̀rá.

Nísinsìnyí, ẹ fi etí sí èyí dáadáa: igi àti ewéko kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kan tó tó kà. Òróró ẹ̀pà kò ní i. Epo pupa kò ní i. Àdín kò ní i. Ẹni tó kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò purọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó kọ ọ́ sára àpò gàrí pé kò ní egungun. Gàrí wo ló ní egungun tẹ́lẹ̀? Kò yẹ kí ilé ìtajà ẹgbẹ́ san kọ́bọ̀ kan lé owó ọjà nítorí irú àkọlé bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí síbẹ̀, nítorí ohun tí kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lè mú kí ti inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Kí èyí tó lè yé wa, a gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé.

2. ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ ÀTI ILẸ̀KÙN

Epo kì í bá omi dàpọ̀. Nítorí náà kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó o kiri fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní LDL. Òmíràn wà tí à ń pè ní HDL, tó ń kó èyí tó ṣẹ́kù padà lọ sí ẹ̀dọ̀. Bí ẹ bá gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ẹ ó rí orúkọ méjèèjì níbẹ̀.

Báwo ni ẹrù ṣe ń ti inú ọkọ̀ wọ inú ilé? Dókítà méjì ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló wá ìdáhùn rí ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ọmọdé kan ló mú wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà pọ̀ kọjá ààlà, àrùn ọkàn tí a mọ̀ mọ́ àgbàlagbà sì ń kọ lù wọ́n kí wọ́n tó dàgbà. Àwọn dókítà náà mú sẹ́ẹ̀lì láti ara awọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n fi wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n rí i pé ohun kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ara rẹ̀ dá tó máa ń gbá LDL mú, tó sì ń fà á wọlé. Sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ náà kò ní i, tàbí kí èyí tí wọ́n ní má ṣiṣẹ́. Ohun yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní risẹ́pítọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilẹ̀kùn ni a ó máa pè é. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ilẹ̀kùn yìí kì í sinmi. Ó ń gbé ẹrù wọlé, ó ń padà síta láti gbé òmíràn. Ìrìn kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, nǹkan bí wákàtí 20 sì ni ilẹ̀kùn kan ń lò kí ó tó gbó. Ẹ̀dọ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn wà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ ronú nípa ìgbà kòkó. Bí ọkọ̀ bá kó kòkó dé, tí ilé ìkẹ́rùsí bá sì ṣí, ọjọ́ náà ni a ó já ẹrù. Bí a bá ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Ọkọ̀ yóò tò sí títì, òjò yóò pa ẹrù, ọ̀nà yóò dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni LDL tí kò rí ilẹ̀kùn wọ̀ ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó ń wọ inú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ó ń dì síbẹ̀, òpó ń há. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú òpó ọkàn, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ lè dé.

Nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: kí ló ń ti ilẹ̀kùn?

3. OHUN TÓ Ń TI ILẸ̀KÙN

(a) Àjogúnbá. Káàkiri ayé, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 250 sí 300 ló jogún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá. Bí ọkàn bá ti pa ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdílé kan kí wọ́n tó pé 55 ọdún, kí àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí wọ́n má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ayé.

(b) Ọ̀rá tó ń dì. Bí ọ̀rá tó ń dì bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ a máa dín ilẹ̀kùn rẹ̀ kù. Báwo ni a ṣe ń mọ ọ̀rá tó ń dì? Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ wo ìgbà ọyẹ́. Àdín dì gbagidi. Epo pupa dì díẹ̀, ó sì ki. Òróró ẹ̀pà kì í sábà dì. Ìdí ni pé ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àdín tó jẹ́ ọ̀rá tó ń dì. Nǹkan bí ìdajì ni ti epo pupa. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ti òróró ẹ̀pà. Ọ̀rá ẹran àti bọ́tà náà wà nínú àwọn tó ń dì.

Ìdáhùn ìyá wa nìyí. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe májèlé. Ó tilẹ̀ ní ohun pupa kan nínú tí ara ń sọ di fítámìn A, èyí tó ń ran ojú lọ́wọ́. Bí a bá dín epo títí ó fi funfun, a ti ba ohun náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da epo sọ́bẹ̀ títí yóò fi léfòó bí omi odò, tó tún ń fi ọ̀rá ẹran kún un lójoojúmọ́, ń rán ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ pé kó ti ilẹ̀kùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí epo bá ń já fáfá lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é.

(c) Họ́móònù. Họ́móònù dà bí lẹ́tà tí apá kan ara kọ sí apá kejì. Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà tí a kọ sí akọ̀wé, akápò kì í ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni họ́móònù kọ̀ọ̀kan ní risẹ́pítọ̀ tirẹ̀ tó lè gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní i kò ní gbọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ sì rántí pé láti ara kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni ara ti ń ṣe họ́móònù tó ń sọ obìnrin di obìnrin àti èyí tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin.

Ẹ wò bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Họ́móònù obìnrin tí à ń pè ní ẹ́sítírójìn ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. Nígbà tí obìnrin bá ṣíwọ́ nǹkan oṣù, lẹ́tà yẹn dín kù, ilẹ̀kùn dín kù, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sì ń gòkè. Nítorí náà ìyá tí ara rẹ̀ le koko ní ọmọ 40 ọdún kò gbọdọ̀ rò pé àyẹ̀wò kò kàn án ní 60. Bákan náà, họ́móònù tí ẹṣẹ́ ọrùn ń ṣe máa ń mú kí ilẹ̀kùn pọ̀. Bí kò bá tó, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lè ga láìjẹ́ pé oúnjẹ ló fà á.

Ẹ̀kọ́ risẹ́pítọ̀ yìí wúlò níbòmíràn pẹ̀lú. Àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan ní risẹ́pítọ̀ ẹ́sítírójìn, oògùn tó dí i sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwọn mìíràn kò ní i. Ọmọ Nàìjíríà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade. Ó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ tí kò ní risẹ́pítọ̀ pọ̀ láàárín wọn ju bó ṣe wà láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó pàjáwìrì nítorí irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ bi í bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò risẹ́pítọ̀. Oògùn tí kò rí ilẹ̀kùn wọ̀, owó ẹgbẹ́ ló ń dà sínú omi.

(d) Ẹni tó ń wó ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Kánádà rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní PCSK9, tó ń mú ilẹ̀kùn lọ sí ibi tí a ti ń fọ́ ọ túútúú. Lẹ́yìn náà, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas rí i pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹni 2 sí 3 nínú 100 ni PCSK9 kan lára wọn kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti bí wọn. LDL wọn fi nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn; láàárín ọdún 15 tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ewu àrùn ọkàn lára wọn fi ìdá 88 nínú 100 kéré. Ọdún 2006 ni ìwé náà jáde. Ní ọdún 2007 wọ́n kọ nípa obìnrin kan ní Zimbabwe tí kò ní PCSK9 tó ń ṣiṣẹ́ rárá, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni ìmọ̀ yìí ti jáde, òun sì ni wọ́n fi ṣe oògùn abẹ́rẹ́ tó dé ọjà ní ọdún 2015.

4. Ẹ̀RÍ LÁTI ILẸ̀ WA

Ní ọdún 1992, àwọn dókítà ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn àgbà tó ti pé 65 ọdún sókè. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n fi wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis. Àìsàn tó ń ba ọpọlọ àgbà jẹ́ náà kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìran kan náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìgbé ayé yàtọ̀. Àwọn àgbà Ìdíkàn kò fi òróró inú ike rọ́pò epo pupa kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wọn kò kún fún ọ̀rá, ẹsẹ̀ wọn sì ń rìn.

Ẹ̀rí kejì tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù jọ ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì fi wọ́n wé 2,118 mìíràn tí kò ní in. Ohun 11 ni wọ́n rí pé ó ń fa ewu. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ti yẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Lára àwọn yòókù ni ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, ìjókòó sójú kan àti sìgá. Ọdún 2018 ni ìwé náà jáde.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú. Nígbà tí mo padà sí ẹgbẹ́ yẹn, tí mo ka orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ọkùnrin tó dá àbá sílẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti yẹra fún epo pupa, bàbá náà ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, pé ohun tó ń pa òun ti kúrò nílé. Ara mi bù máṣọ. Ọ̀tá tí kò sí nílé ni wọ́n ń ṣọ́ lójú ọ̀nà, èyí tó wà nínú yàrá sì ń sùn tì wọ́n. Kò dúró kí ìpàdé tú kó tó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá náà ti padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀.

5. Ọ̀RỌ̀ OÒGÙN

Oògùn tó wọ́pọ̀ jù fún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni èyí tí à ń pè ní sítátìn. Akira Endo, ọmọ Japan, ló rí àkọ́kọ́ nínú wọn ní ọdún 1973, láti ara irú nǹkan tó máa ń hù sára kòkó tí kò gbẹ dáadáa, èyí tó ń mú kí a sọ pé kòkó ti bu. Oògùn náà ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá rí i pé àká òun ń gbẹ, òun fúnra rẹ̀ a ṣí ilẹ̀kùn sí i. Dókítà ló yẹ kó sọ ẹni tí yóò lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀, kí ẹni tí dókítà sì kọ ọ́ fún má dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá.

6. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí ṣe ìpinnu mẹ́ta, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Èkínní, ilé ìtajà yóò máa ra epo pupa lọ lọ́wọ́ àwọn ìyá, yóò sì máa ta òróró ẹ̀pà tí iye rẹ̀ bá bójú mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì, a kò ní san owó lé ọjà kankan nítorí àkọlé ara ike. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sì ń lò ó fún gbogbo ènìyàn kí ìpàdé oṣooṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó na apá rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú oúnjẹ àti èyí tí ara ń ṣe?
2. Èé ṣe tí epo tí kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù fi lè mú kí ti inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i bí a bá lò ó ní àlòjù?
3. Ọjà wo ló wà nínú ilé ìtajà ẹgbẹ́ wa tí a ń san owó lé lórí nítorí àkọlé lásán?
4. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó nínú wa ló mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lónìí? Kí akọ̀wé ka ọwọ́ tó bá nà sókè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a tún kà á ní ìdajì ọdún sí i.